Màlúù Méjì, Nọ́mbà Kan

Tanke, Ìlọrin,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
Ọjọ́ Sátidé, ogúnjọ́ oṣù kẹrin, ọdún 1974.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Ṣé ẹ jí dáadáa? Ṣé ara Màmá le? Ṣé òógùn tó ń bò yín yẹn ti dáwọ́ dúró? Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé lẹ́tà tó bá bẹ̀rẹ̀ láìbéèrè àlàáfíà, ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ló kọ ọ́, nítorí náà mo ti béèrè, mo sì ń fi gbogbo ọkàn mi béèrè ju bí mo ti ṣe rí láyé mi lọ. Ṣùgbọ́n kíkí kò lè gùn lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò ṣeé fi falẹ̀.

Bí ohunkóhun bá ṣẹ́kù nínú wàrà tí mo gbé wálé ní Àjíǹde, ẹ dà á nù báyìí báyìí. Ẹ má fi fún ajá, ẹ má sì fún ológbò. Kí Màmá dà á sí ṣáláńgá, kí wọ́n fọ́ ìgò náà, kí wọ́n sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ wọn dáadáa. Gàní awakọ̀ tó gbé lẹ́tà yìí fún yín, òun náà ló máa ń gbé ìgò yín láti ọjà Ipata wá ní Sátidé Sátidé. Mo mọ̀ pé ẹ óò ti na ọwọ́ sí i láti gba ìgò kí ó tó fún yín ní ìwé. Lónìí, ìwé nìkan ni mo gbé lé e lọ́wọ́.

Bàbá, àìsàn wà lára màlúù tí wọ́n ń fún wàrà yín lára rẹ̀. Àìsàn tó máa ń ba oyún màlúù jẹ́ ni, inú wàrà tútù tí a kò sè ló sì máa ń gbà wọ ara ènìyàn. Dókítà Adéníyì, dókítà ẹran tó wà ní oko màlúù wa, ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lánàá. Ó ní tó bá wọ ara ènìyàn, ibà ló máa ń jọ. Ara á gbóná ní ìrọ̀lẹ́, òógùn á bò ó, ìbàdí àti orúnkún á máa ro ó, á lọ bí ọ̀sẹ̀ kan, á tún padà. Bó ṣe ń kà á sílẹ̀ ni mo ń rí yín lórí àga gbọọrọ yín ní ọjọ́ Àjíǹde, tí ẹ fi kúbùsù bora ní ọ̀sán gangan, tí ẹ ń sọ pé, "Ibà lásán ni, ibà àgbàlagbà kì í tètè lọ." Mo pariwo níwájú dókítà. N kò mọ ìgbà tí mo pariwo.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí n kò fẹ́ kí ẹlòmíràn sọ ọ́ fún yín kó wá máa bá mi bo àṣìṣe mi mọ́lẹ̀. Èmi ni mo ṣe é. Ẹnikẹ́ni kò bá mi lọ́wọ́ sí i.

Ẹ rántí pé oṣù kejìlá ni wọ́n gbé mi láti ọ́fíìsì inú ìlú wá sí oko màlúù yìí, kí n lè gba ìwé orúkọ ẹran lọ́wọ́ Àáfà Jímọ́ọ̀ tó ń fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin fúnra yín rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, ẹ ní ọmọ tíṣà ti di akọ̀wé màlúù. Ìwé Àáfà ni mo kọ́kọ́ kórìíra. Ìwé ńlá kan ni, èèpo rẹ̀ ti ya, epo àti ìgbẹ́ màlúù ti ta sí i lára. Nọ́mbà inú rẹ̀ lọ dé mọ́kàndínlọ́gọ́rin, bẹ́ẹ̀ àádọ́rin péré ni ẹran tó wà láàyè. Ẹran tó bá kú tàbí tí wọ́n bá tà, Àáfà á fa ìlà pupa kọjá lórí nọ́mbà rẹ̀, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kò ní gbé e fún òmíràn láé. Létí ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́mbà kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún fi Lárúbáwá kọ nǹkan kan tí n kò lè kà. Mo bi wọ́n pé kí nìyẹn. Wọ́n ní, "Orúkọ tí Ádámù ń pè é ni." Ádámù ni Fúlàní tó ń da àwọn màlúù wa. Bàbá, mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run rí mi, mo rẹ́rìn-ín sí àgbàlagbà.

Ṣé ẹ rí i, rẹ́jísítà yín ni mo fi ń wo ìwé náà. Mi ò tí ì ju ọmọ ọdún méje lọ tí mo ti ń bá yín di rúlà mú kí ẹ lè fa ìlà pupa. Ní gbogbo oṣù kìíní, ẹ óò ṣí rẹ́jísítà tuntun, ẹ óò to àwọn ọmọ láti ìkíní dé ìkẹyìn. Àwọn tó ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ ti lọ nìyẹn, àwọn tó kù á sún mọ́ra wọn. Ẹ máa ń sọ pé àlàfo nínú rẹ́jísítà dà bí eyín tó ká lẹ́nu ọmọge. N kò mọ ohun mìíràn tí wọ́n ń pè ní ìwé tó dára.

Nítorí náà nígbà tí oṣù kìíní dé, mo ṣí ìwé tuntun. Mo to màlúù bí ọmọ ilé-ìwé, láti ení títí dé àádọ́rin, kò sí àlàfo kan ṣoṣo níbẹ̀. Mo yọ Lárúbáwá kúrò pátápátá. Orí ìwo ni a máa ń fi ọ̀dà kọ nọ́mbà àwọn ẹran wa sí, mo wá ní kí Ádámù fi ọ̀bẹ ha ti àtijọ́ kúrò, mo ń kọ tuntun sára páálí fún un, òun náà ń wò ó kọ. Ọjọ́ mẹ́rin la fi ṣe é. Ní ọjọ́ kejì ó bi mí pé, "Màdáámù, kí ni àwọn ẹran yìí ṣe tí ẹ fi ń yí orúkọ wọn padà?" Mo ní nọ́mbà kì í ṣe orúkọ. Ó ní, "Kí wá ni?" Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí a parí, mo gbé ìwé mi káàkiri ọ́fíìsì, gbogbo wọn ń yìn ín pé ó mọ́, inú mi sì ń dùn bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà fún.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, Àáfà Jímọ́ọ̀ wá kó ẹrù wọn tó kù. Wọ́n bá ìwé wọn lórí ààtàn níbi tí mo ní kí wọ́n sun ún sí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e, wọ́n fi ọwọ́ agbádá wọn nù ún, wọ́n fi í sí abíyá. Wọn kò bá mi wí o. Wọ́n kàn ní, "Ìbídùn, bí ẹnì kan bá wá béèrè ọ̀rọ̀ àná lọ́wọ́ rẹ ńkọ́?" Mo ní gbogbo ọ̀rọ̀ ló wà nínú ìwé tuntun. Wọ́n ní ó dáa, wọ́n ṣe àdúà fún mi, wọ́n lọ.

Ọ̀rọ̀ àná sì ti wà lójú ọ̀nà nígbà yẹn, Bàbá, n kò mọ̀ ni. Ní oṣù kọkànlá, kí n tó débẹ̀ rárá, Dókítà Adéníyì ti gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo màlúù. Ó kọ nọ́mbà kọ̀ọ̀kan sára ìgò kékeré, ó kó wọn ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò lápá Òkè Ọya, ó sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu wàrà tútù títí èsì yóò fi dé. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbé wàrà wálé nígbà Kérésì bí ẹ tilẹ̀ ń bẹ̀ mí. Ó wà ní ìsinmi nígbà tí mo ṣe àtúntò mi, kò sì wá sí mi lọ́kàn láti sọ fún un nígbà tó dé. Ta ló máa ń lọ sọ fún ènìyàn pé òun ṣí rẹ́jísítà tuntun? Àárín oṣù kejì ni èsì dé. Gbogbo ẹran ló mọ́, àfi ọ̀kan ṣoṣo. Nọ́mbà nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀: nọ́mbà kẹtàlélógún.

Mo ṣí ìwé mi tó mọ́. Mo fi ìka tọ́ ọ. Nọ́mbà kẹtàlélógún, abo, pupa, ọmọ ọdún mẹ́jọ. A jáde sí ìta, nọ́mbà náà sì hàn gàdàgbà lórí ìwo rẹ̀. Ádámù bọ́ síwájú ẹran náà, ó dúró. Ó ní, "Sáyè kọ́ o. Sáyè kò ṣàìsàn rí. Ó ti bí márùn-ún, kò sọ ọ̀kan nù." Sáyè lorúkọ tó ń pè é nítorí àwọ̀ rẹ̀ tó pupa. Mo gbé ìwé sí i lójú, mo ní ìwé kì í parọ́. Ó wò mí títí, ó ní, "Màdáámù, ẹ pè é ní mẹ́tàlélógún, ẹ wò ó bóyá ó máa yíjú." Mo jágbe mọ́ ọn níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, pé ṣé òun ni akọ̀wé àbí èmi. Ó ṣí fìlà lórí, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n pa Sáyè, wọ́n sin ín sínú kòtò jíjìn, wọ́n da oògùn lé e kí ẹnikẹ́ni má baà hú u jẹ. Lami ìyàwó Ádámù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ọmọ Sáyè tí kò tí ì já lẹ́nu ọmú ń ké lẹ́yìn fèrèsé ọ́fíìsì mi fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, mo sì ní kí wọ́n lé e jìnnà kí n lè ráyè kọ̀wé.

Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣe bí ọmọ rere. Ṣebí àìsàn ti kúrò láàárín ẹran, àyẹ̀wò ti fi hàn pé àwọn tó kù mọ́, dókítà sì ti ní a lè máa mu wàrà padà. Sátidé tó tẹ̀lé e ni mo gbé ìgò kìíní fún Gàní. Ẹ ní kí n má sè é, torí wọ́n ti sọ fún yín pé iná ń pa agbára rẹ̀, pé tútù ló máa wo ọgbẹ́ inú yín sàn. Mo tilẹ̀ bẹ Lami pé ara màlúù kan ṣoṣo ni kó ti máa fún tiyín, kó má baà sí àdàlù, kó jẹ́ ti màlúù funfun tí wàrà rẹ̀ pọ̀ jù lọ nínú agbo. Ránè ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ìgò mẹ́jọ ni, Bàbá. Mo ti kà á lórí ìka mi títí, mo tún ń kà á.

Lọ́jọ́bọ̀ ni lẹ́tà yín tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ ní, "Wàrà yẹn ń tù mí lára púpọ̀, ibà yìí nìkan ni kò jẹ́ kí n gbádùn rẹ̀. Ṣé ó lè di ìgò méjì?" Mo ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni Ádámù wọlé láìkanlẹ̀kùn. Oyún Ránè ti wálẹ̀. Ó ku oṣù méjì kó tó bí. A sáré débẹ̀. Dókítà Adéníyì wo ọmọ tó ti kú náà, ó wo ìyá rẹ̀, ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó ní, "Ṣebí a ti pa èyí tó ní àìsàn yìí?" Ádámù kàn ń wò mí. Dókítà yíjú sí mi, ó ní, "Ìbídùn, nọ́mbà tó wà lórí ìwo wọn lóṣù kọkànlá, ṣé òun náà ló wà níbẹ̀ lónìí?"

Bàbá, ẹ̀rù tó bà mí kò lórúkọ. Lẹ́tà yín ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo lọ sí ilé Àáfà Jímọ́ọ̀ lẹ́yìn Ọjà Tuntun. Mo bá wọn lórí ẹní pẹ̀lú àwọn ọmọ kéú. Mo sọ ohun tí mo bá wá. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé ìwé náà jáde nínú aṣọ funfun tí wọ́n fi wé e, ìwé tí èmi ní kí wọ́n sun. Wọ́n ṣí i. Ìlà pupa mẹ́sàn-án wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Wọ́n fi ìka sórí nọ́mbà kẹtàlélógún, wọ́n ka Lárúbáwá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní, "Ránè." Mo ní kí wọ́n tún un kà. Wọ́n ní, "Ránè ni, Ìbídùn." Wọ́n sọ̀kalẹ̀ dé orí nọ́mbà kẹtàdínlọ́gbọ̀n, wọ́n ní, "Sáyè nìyí." Ẹran mẹ́ta ti kú ṣáájú Ránè nínú ìwé, nígbà tí mo dí àlàfo wọn, Ránè bọ́ sí ogún. Mẹ́rin ti lọ ṣáájú Sáyè, òun ló wá bọ́ sínú mẹ́tàlélógún. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé ikú kúrò lórí ìwo ọ̀kan, tí mo gbé e lé ìwo èkejì. Mo jókòó sórí ẹní láìjẹ́ pé wọ́n ní kí n jókòó.

Àáfà ní, "Lahaola!" Wọ́n wá ní, "Nọ́mbà kì í ṣe àga, tí ẹnì kan bá dìde kí ẹlòmíràn wá jókòó síbẹ̀. Aṣọ ara ẹran ni. Tó bá kú, kí wọ́n fi sin ín." Wọn kò fi mí ṣẹ̀sín, wọn kò sì rán mi létí ìbéèrè tí wọ́n bi mí níjọ́ náà. Ì bá sàn kí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ ohun tí ẹ óò ṣe, Bàbá, ẹ má sì bá mi jiyàn lẹ́ẹ̀kan yìí. Ẹ lọ sí ọsibítù lónìí. Kì í ṣe lọ́la lẹ́yìn ìsìn, kì í ṣe lọ́jọ́ Ajé. Mo ti bẹ Gàní pé kó dúró dè yín kó gbé yín dé ẹnu ọ̀nà gan-an. Dókítà Adéníyì ti kọ orúkọ àìsàn náà sínú ìwé kékeré tó wà nínú àpòòwé yìí, ẹ fún dókítà yín, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yín. Ó ní àìsàn náà kì í sábà pa ènìyàn, ó sì ní oògùn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fi oògùn ibà tàn án, á máa jẹ inú egungun lọ, á sì lè dé ọkàn. Ẹ ti ń lo oògùn ibà láti ìgbà wo? Mo mọ̀ yín, ẹ óò ní ẹ ti ń gbádùn. Ẹ má ní bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá wa ní n kò gbọdọ̀ kúrò níbí títí àwọn tó ń bọ̀ wá yẹ ìwé wò lọ́jọ́ Ajé yóò fi lọ, torí èmi àti Àáfà nìkan la lè to nọ́mbà padà kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ ẹran lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo ń bọ̀ wálé, bí wọ́n tilẹ̀ máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ má wá sọ pé ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu yín láti ìhín. Rẹ́jísítà yín dára fún ọmọ ilé-ìwé, torí bí ẹ bá pe ọmọ ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, á ní, "Sà, èmi kọ́." Màlúù kò lè sọ pé èmi kọ́. Ádámù bá a sọ ọ́, mo sì jágbe mọ́ ọn. Wọ́n ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Èmi bọ́ ìjánu lẹ́nu àádọ́rin ẹran nítorí kí ìwé mi lè gún régé.

Ní òwúrọ̀ yìí ni wọ́n pa Ránè. Wọn kò fi okùn fà á. Ádámù dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà, ó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹran náà sì yà kúrò láàárín àwọn yòókù, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. N kò lè wò ó dópin. Nígbà tó yá, mo lọ bá a níbi tó ti ń fọ ọwọ́, mo kúnlẹ̀ fún un nínú ẹrẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ nítorí Sáyè. Ó ní, "Ẹ dìde, Màdáámù. Orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ kọ sínú ìwé." Mo lọ gbé ìwé tí mo ti ń to nọ́mbà àtijọ́ padà sí wá. Mo kọ nọ́mbà kẹtàdínlọ́gbọ̀n, mo kọ Sáyè síwájú rẹ̀, mo fa ìlà pupa. Ádámù kò mọ̀wé, ó ní kí n fi ibi tí orúkọ náà wà han òun, ó gbé ìka lé e, ó sì pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Ẹran kankan kò ní jẹ́ nọ́mbà yẹn mọ́. Ọmọ Sáyè ni mo fún ní ọgọ́rin, torí kò sí ẹran tó jẹ́ ẹ rí ní oko yìí, Lami ló sì máa sọ ọ́ lórúkọ. Ìwé náà ti kún fún àlàfo báyìí, kò lẹ́wà rárá.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú mi, ṣùgbọ́n Gàní ti ń fọn fèrè mọ́tò. Kí Olúwa tó gbà yín lọ́wọ́ ikú tó pa ẹgbẹ́ yín gbà yín lọ́wọ́ ọwọ́ ọmọ yín pẹ̀lú. Kí ó má jẹ́ kí n fi omi ojú wẹ ìwé tí ẹ fi kọ́ mi. Ẹ óò pẹ́ láyé, ẹ óò jẹun ọmọ, ẹ óò bá mi wí lórí ọ̀rọ̀ yìí títí yóò fi sú yín. Ẹ bá mi kí Màmá, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sunkún jù.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin, tó dí àlàfo tí kò yẹ kó dí,
Ìbídùn.

Àfikún: Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ẹ tún bù lára wàrà náà fún? Ẹ ro ó dáadáa, ẹ kọ orúkọ gbogbo wọn, kí àwọn náà bá yín lọ. Ohun kan tún kù. Ní ọsibítù, wọn yóò fún yín ní káàdì tó ní nọ́mbà, wọ́n á sì kọ nọ́mbà yẹn sára ìgò ẹ̀jẹ̀ yín. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìwé wọn níbẹ̀, n kò sì mọ irú ọmọ tíṣà tó ń bá wọn kọ ọ́. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ yín mọ́ ọn, Jóṣíà Ọláyíwọlá ti Ọ̀mù-Àrán, kí ẹ sì fi ojú ara yín rí i. Bí wọ́n bá pe nọ́mbà yín nìkan, Bàbá, ẹ má dìde. Ẹ jókòó títí wọn yóò fi pe orúkọ yín.